Nígbà Tí Oògùn Apakoríko Bá Wọ Inú Ènìyàn

Àwọn àgbẹ̀ tí ó wà láàárín wa mọ Paraquat dáradára, pàápàá lábẹ́ orúkọ Gramoxone. Láti ọdún 1962 ni ó ti wà lọ́jà àgbáyé. Àjọ NAFDAC fòfin dè é ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá lọ kó èyí tí àwọn kan ti rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọdé lè ṣèèṣì mu ún; ẹni tí ayé sú náà lè mọ̀ọ́mọ̀ mu ún. Ìwọ̀n ẹ̀kún ẹnu kan lè pa àgbàlagbà, kò sì ní ẹ̀rọ̀.

Ohun tí ó ń tan ẹbí jẹ ni pé, lẹ́yìn èébì àti egbò ẹnu, aláìsàn lè jókòó kí ó máa sọ̀rọ̀ geere. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń fa májèlé náà mọ́ra. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a ń mí sínú gan-an ni májèlé yìí ń sọ di ohun tí ń jó ẹran ara. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń lọ́ra láti fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ́síjìn, àyàfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀dọ̀fóró yóò le gbandi bí àpá egbò, èémí yóò sì tán.

Wákàtí àkọ́kọ́ ni ìjà wà. Ẹ má ṣe dúró ti epo pupa. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó ta sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé aláìsàn àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ó bá jẹ́ ilé olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, inú ọkọ̀ ni kí a ti gbàdúrà. Wọn yóò fún un ní èédú ìṣègùn mu kí ó lè gba májèlé mọ́ra nínú ìfun. Níbi tí ẹ̀rọ bá wà, wọ́n lè sẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti ìwòsàn tuntun, àwọn onímọ̀ ti fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, tí wọ́n mú láti inú mùdùnmúdùn egungun tàbí okùn ìwọ́ ọmọ, tọ́jú àwọn eku tí wọ́n fún ní májèlé yìí, àpá ẹ̀dọ̀fóró wọn sì dínkù. Kò tíì di ìtọ́jú tí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ fún ènìyàn. Ẹni tí ó bá ń fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹbí tí ìdààmú bá, ohun tí kò tíì sí lọ́jà ni ó ń tà. A ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀fóró fún ìwọ̀nba aláìsàn díẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé gbọ́dọ̀ ti kúrò lára pátápátá ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ba tuntun náà jẹ́.