Pákó Àtijọ́ Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ẹni tí ó bá rìn káàkiri àwọn àdúgbò àtijọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Boston títí dé Portland, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì kì í ṣe ilé bíríkì, bí kò ṣe ilé onígi, tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bò lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ọ̀kan gun orí èkejì, kí òjò lè máa ṣàn lọ láìrí àyè wọ inú ògiri. Nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ àtúnṣe, ohun tí ó ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ onílé, títí kan àwọn ọmọ wa tí ó ra ilé sí ọ̀hún, ni kí wọ́n fọ́ pákó náà dànù, kí wọ́n ra tuntun. Òfò gbáà ni.

Ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n là sí pákó nígbà náà, ìbáà ṣe kédárì tàbí páínì, inú igbó kìjikìji ni ó ti dàgbà, lábẹ́ ibòòji àwọn baba igi, tí ó sì gbó kí àáké tó kàn án, gẹ́gẹ́ bí ìrókò olúwéré ti ń gbó ní igbó tiwa. Nítorí èyí ni ìlà inú rẹ̀, tí a fi ń ka ọjọ́ orí igi, ṣe sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, tí omi kò sì tètè rí i gbé ṣe. Igi tí a gbìn sóko tí a ń là lónìí kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni títú pákó rí. Òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pákó òkè ni ó tẹ orí ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. A ó kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ la ọ̀dà tí ó so méjèèjì pọ̀, a ó ti irin pẹlẹbẹ tí a fi ń yọ ìṣó bọ abẹ́ rẹ̀, a ó gbé e sókè díẹ̀, a ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ padà: pákó yóò wọlé, orí ìṣó yóò yọ síta, a ó sì fà á. Èyí tí ó bá kọ̀ tí kò yọ, kí a ki abẹ ayùn agérin sí àárín pákó méjèèjì, kí a gé e níbẹ̀. Ìdí ìṣó tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ̀yìn ni kí a ti fi ẹ̀mú fà á, nítorí bí a bá fi òòlù lù ú gba iwájú, ojú pákó yóò ṣí. Kí a sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ewu kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú kéré. Ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé ní ilé gbígbé. Ilé tí ó bá dàgbà ju ìyẹn lọ, kí onílé gbà pé òjé wà lára rẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Eruku òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí a tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí a fi omi rẹ ọ̀dà kí a tó ha á, kí a má ṣe fi iná jó o, kí ọmọdé àti aboyún sì jìnnà síbẹ̀. Láti ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ tí a bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí.

Díẹ̀ nínú pákó náà yóò ti jẹrà, pàápàá èyí tí ó sún mọ́ ilẹ̀ àti èyí tí ó wà lábẹ́ fèrèsé. Ọgbọ́n tí àwọn káfíńtà ń dá ni pé wọ́n a kó ojúlówó pákó àtijọ́ jọ sí iwájú ilé, wọ́n a sì fi tuntun dí ẹ̀yìn. Kí a tó kàn án padà, kí a kun ẹ̀yìn rẹ̀ àti ojú ibi tí ayùn ti gé, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé; kí a kọ́kọ́ lu ihò ìṣó, kí pákó gbígbẹ má baà là; kí ìṣó sì jẹ́ èyí tí kì í dípẹtà.

Ní ọdún 2016, ìlú Portland ní Oregon ṣòfin pé ilé gbígbé tí a kọ́ ní 1916 tàbí ṣáájú rẹ̀, bí a bá fẹ́ mú un kúrò, títú ni kí a tú u, kí a má fi katakata wó o, kí igi rẹ̀ lè wúlò fún ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá lè ka igi ilé tí a fẹ́ wó sí ohun ìní, ẹ̀yin tí ilé yín ṣì dúró ṣinṣin, ẹ yẹ pákó yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí tuntun.