Ìwé Orúkọ LDAP fún Sáfà Ímeèlì: Ààbò àti Ẹ̀dà Kò Ṣeé Yà Sọ́tọ̀

1. Ìfáárà

Ní ibi iṣẹ́ kan tí a ti bá wọn tọ́jú sáfà ímeèlì, kọ̀ǹpútà tí ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà lórí rẹ̀ bàjẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọkàn wa balẹ̀, nítorí pé ẹ̀dà ìwé náà wà lórí kọ̀ǹpútà kejì. Lẹ́tà ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣí àpótí rẹ̀. Ẹ̀dà náà ní orúkọ gbogbo ènìyàn, kò sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnì kankan. Nínú bébà yìí, a ó ṣàlàyé ohun tó fà á àti bí a ṣe lè yẹra fún un.

2. Iṣẹ́ ìwé orúkọ

Ìwé orúkọ ni ohun tí wọ́n kọ́ wa láti máa pè ní annuaire nílé ẹ̀kọ́. LDAP ni èdè tí a fi ń bi í léèrè. Slapd, sáfà OpenLDAP, ló ń dáhùn. Bí lẹ́tà bá dé, Postfix á béèrè bóyá àdírẹ́sì náà wà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ka lẹ́tà rẹ̀, Dovecot á béèrè bóyá ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tọ̀nà. Bí slapd kò bá dáhùn, Postfix á ní kí ẹni tó gbé lẹ́tà wá tún padà wá; lẹ́tà kò tíì sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wọlé á dúró síta.

3. Ààbò

Lórí port 389, ọ̀rọ̀ aṣínà ń kọjá ní gbangba bí a kò bá lo TLS. A lè bẹ̀rẹ̀ TLS lórí port yìí kan náà pẹ̀lú StartTLS, tàbí kí a lo ldaps lórí 636. Kí ẹni tó ń béèrè máa yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn lè pe ara rẹ̀ ní sáfà.

Lẹ́yìn èyí, a ó ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ aṣínà:

access to attrs=userPassword
  by self write
  by anonymous auth
  by * none

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé olúwa rẹ̀ lè yí i padà, slapd lè fi yẹ ẹni tó ń wọlé wò, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ rí i.

4. Ẹ̀dà

Syncrepl, tí RFC 4533 ti ọdún 2006 ṣàlàyé ìlànà rẹ̀, ló ń ṣe ẹ̀dà. Kọ̀ǹpútà kejì á wọlé sí ti àkọ́kọ́ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, á sì da ohun tó bá rí kọ. Ní refreshOnly, ó ń padà wá lóòrèkóòrè. Ní refreshAndPersist, ó dúró síbẹ̀, àyípadà sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó bá rí nìkan ló lè dà kọ. Ìlà «by * none» ti yọ adàwékọ wa sílẹ̀, slapd kò sì ṣàròyé, nítorí pé orúkọ tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà kì í ṣe àṣìṣe lójú rẹ̀. Ìlà yìí ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀, torí pé slapd ń dúró níbi ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá ẹni náà mu:

  by dn.exact="cn=replica,dc=example,dc=org" read

Ìlà yìí nìkan kò tó. Àwọn orúkọ tí a ti dà kọ kò yí padà, nítorí náà a ní láti pa ẹ̀dà rẹ́ kí a sì dà á kọ látìbẹ̀rẹ̀. Kí a tún yọ òdiwọ̀n 500 tí slapd ń fi sí èsì ìbéèrè kan kúrò fún adàwékọ. Òfin tí a kọ sínú ètò kì í bá orúkọ rìn: a ní láti tún un kọ sórí kọ̀ǹpútà kejì, pẹ̀lú TLS. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà á di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí a kò tì.

5. Ìkádìí

Ẹ̀dà kì í ṣe ìpamọ́: orúkọ tí a bá ṣèèṣì pa rẹ́ níbí á parẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Kí a máa fi slapcat kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn lálaalẹ́. Kí a fi orúkọ òṣìṣẹ́ lásán kan wọlé sórí ẹ̀dà pẹ̀lú ldapwhoami. Lẹ́yìn náà, kí a fọwọ́ ara wa pa kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí a bá yàn, kó tó yan ọjọ́ tirẹ̀.