Akọ Mẹ́fà Tó Jọba ní Sabi Sand

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń tẹ̀lé ìtàn àwọn kìnnìún South Africa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú fídíò àti nínú ìròyìn àwọn tó ń mú àlejò wọ igbó. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ọba ẹranko tí gbogbo wa ń kì yìí, àlejò ni nínú ilé tó ń ṣàkóso. Àwọn abo ló ni agbo. Ìyá, ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá ló ń gbé pọ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n jogún. Ọmọ wọn tó bá jẹ́ akọ, bó bá ti ń tó ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta, dandan ni kó jáde nílé.

Ó ṣòro kí akọ kan ṣoṣo gba agbo kó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí a lé jáde fi ń rìn pọ̀. Craig Packer, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí kìnnìún Serengeti ní Tanzania lọ́dún 1978, àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ rí i pé akọ méjì tàbí mẹ́ta tó ń rìn pọ̀ lè má bára tan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹbí ni wọ́n. Bí wọ́n bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìjọba wọn ṣe ń pẹ́ tó.

Ohun tí wọ́n ń fi iye yìí dáàbò bò ni ẹ̀mí àwọn ọmọ wọn. Akọ tuntun tó bá gba agbo, ọmọ tí akọ àtijọ́ bí ló ń pa. Abo tó ń tọ́mọ kì í gba akọ títí ọmọ náà yóò fi tó bí ọmọ ọdún méjì, ìjọba ọ̀pọ̀ akọ kò sì ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ. Èmi kì í lè wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ tán, àmọ́ n kò ní pè é ní ìkà. Àkókò tí akọ ní ló kéré.

Lọ́dún 2006, akọ mẹ́fà dé igbó Sabi Sand, ilẹ̀ aládàáni tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 65,000, tó bá igbó ńlá Kruger pààlà láìsí ọgbà láàárín. Agbo kan náà ni a ti bí márùn-ún nínú wọn. Makhulu, ìkẹfà, dàgbà jù wọ́n lọ. Mapogo ni wọ́n sọ wọ́n, orúkọ ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ le. Wọ́n pa kìnnìún, àgbà àti ọmọ, wọ́n sì gba agbo lọ́tùn-ún lósì.

Àwọn olùtọpasẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Shangaan, ló ń tọ̀ wọ́n láàárọ̀ kùtùkùtù. Orí àga kékeré níwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń wo ipasẹ̀ lórí iyanrìn. Kìnnìún kọ̀ọ̀kan ní àmì dúdú wẹ́wẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, èyí tí a fi ń dá a mọ̀. Mr T kò tilẹ̀ nílò ìyẹn: irun rẹ̀ dúró ṣánṣán láàárín orí, bíi ti òṣèré Amẹ́ríkà tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. (Lọ́dọ̀ tiwa, Yankari àti Kainji, tí apá kan rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, nìkan ni kìnnìún ìgbẹ́ ṣẹ́kù sí ní Nàìjíríà. Gbogbo wọn lápapọ̀ kò tó 50.)

Ìgbà tí Mr T àti Kinky Tail kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù láti lọ ní ilẹ̀ tiwọn ni nǹkan yí padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010, akọ márùn-ún tí a wá mọ̀ sí Majingilane wọ ibẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣe ọ̀kan nínú wọn léṣe débi ikú. Mẹ́rin tó kù bá Kinky Tail lóun nìkan, wọ́n sì pa á. Mr T sá padà sọ́dọ̀ àwọn arákùnrin rẹ̀, wọ́n gbà á, àmọ́ àwọn tó ń tẹ̀lé wọn ròyìn pé ó pa lára ọmọ wọn.

Nígbà tí ọdún 2012 yóò fi dé, mẹ́ta péré ló kù. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni akọ mẹ́rin tí à ń pè ní Selati pa Mr T. Makhulu àti Pretty Boy sá fún wọn, wọ́n ń rìn kiri láìní agbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, Makhulu nìkan ni wọ́n tún rí, arúgbó tó ń dá rìn nínú Kruger.