Láítà Gáàsì: Ẹ̀rọ Kékeré Tí Ń Mú Iná Wá Láìsí Ìṣáná

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, igi ni wọ́n fi ń se iṣu tí wọn yóò gún, ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Ẹni tí iná rẹ̀ bá kú a rán ọmọ lọ bu ẹ̀yinná wá láti ilé aládùúgbò. Lónìí, gáàsì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ìdáná, láítà tí a ń tẹ̀ sì ti gba ipò ìṣáná. Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí pé níbo ni iná irú láítà tí kò ní bátìrì, tí kò sì ní epo nínú, ti ń wá?

Ohun kan bí òkúta kékeré, tí a sun bí ìgbà tí a bá sun ìkòkò, ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń tẹ láítà, sípíríǹgì rẹ̀ a fún pọ̀. Nígbà tí ó bá tú, òòlù kékeré a gbá òkúta náà, iná mànàmáná a sì jáde lára rẹ̀. Agbára rẹ̀ a máa tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, ṣùgbọ́n ó kéré, kì í sì í pẹ́, nítorí náà kì í pa ènìyàn. Ó kàn ń ta pàrà lẹ́nu láítà ni.

Pierre Curie àti Jacques, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n ṣàwárí ìwà yìí lára àwọn òkúta kan ní ìlú Paris ní ọdún 1880. Ní ọdún 1969, Heiji Kawai ará Japan rí i pé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lè ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń po ìyẹ̀fun òkúta náà mọ́ irú ọ̀rá yìí, kí ó lè máa tẹ̀ bí aṣọ, síbẹ̀ kí ó máa fura bí ohunkóhun bá tẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe èémí tàbí lílù ọkàn. Ta ni ó mọ̀ bóyá ọmọ yín ni yóò kọ́ ìmọ̀ yìí ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981, tàbí tí yóò lò ó fún aláìsàn ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí ó wà ní Oǹdó?

Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó dàgbà, ẹ jẹ́ kí a dáàbò bò ó. Láítà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìkòkò ọbẹ̀ àti ilé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni í sọ̀ kalẹ̀ sí, níbi tí ọmọ ti ń rákò. Òun fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Ńṣe ni a fi òórùn burúkú sí i kí a lè tètè fura.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé láítà sí ojú iná, kí ẹ tó ṣí gáàsì. Bí omi bá ta sí ẹnu láítà, ó lè kọ̀ láti ta. Ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ léraléra nígbà tí gáàsì ń jáde: ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ nu láítà gbẹ, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ má ṣe fọwọ́ kan láítà, ẹ má sì ṣe tan iná mànàmáná tàbí pa á. Ẹ pa ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ jáde.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ gbé láítà sí ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó.