IT Tàbí Pápá: Irọ́ Tí Wọ́n Ń Pa fún Ọmọ Tó Ń Sáré

Bí ọmọ yunifásítì tàbí ọmọ poli bá ń sáré, tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ fún ilé-ìwé rẹ̀, ọjọ́ tí IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, bá dé ni gbogbo ẹbí á di kóòṣì. Bàbá á ní kó gbé bàtà eré jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí bíríìjì Dọ̀pẹmú l'Ékòó á ní òun mọ ẹni tó lè bá a lu òǹtẹ̀ sínú logbook, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́, kó sáà máa lọ sí pápá rẹ̀. Kóòṣì gan-an á ní tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kó má wulẹ̀ padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba, àmọ́ irọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀.

Irọ́: Eré àti IT ò lè jọ gbé inú ilé kan náà, àfi kó yan ọ̀kan.

Òótọ́: SIWES lorúkọ IT lórí ìwé. Àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1973, torí àwọn agbanisíṣẹ́ ń ráhùn pé ọmọ ilé-ìwé mọ ìwé, kò mọ ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì sábà máa ń lò, ọmọ ND ní poli á lo oṣù mẹ́rin. Máàkì wà níbẹ̀, wọn ò sì yọ ọmọ pápá sílẹ̀.

Àwọn tó ti rìn ín já ṣì wà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní poli Ìbàdàn, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, kíláàbù Ìbàdàn tó gba ife ẹ̀yẹ kíláàbù Áfíríkà ní 1976. Òun náà ló gbá góòlù méjì wọlé nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria nínú àṣekágbá ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè ní 1980. Adokiye Amiesimaka, tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ ọdún yẹn, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ó sì di kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ti Ọdẹ́gbàmí dáadáa: ìgboro Ìbàdàn kan náà ni poli rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni kíláàbù rẹ̀. Àwọn tó ń fi ìtàn rẹ̀ gba ọmọ níyànjú kì í sábà mẹ́nu ba ìyẹn, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ká mú ọmọ kan tó ń gbé ní Dọ̀pẹmú, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, tó sì ń sá mítà 400. Ó rí ibi IT ní Victoria Island. Orúkọ iléeṣẹ́ náà dùn ún sọ fún àwọn ọ̀rẹ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti dúró sí ibùdókọ̀, káàdì BRT lọ́wọ́, bàtà eré nínú báàgì ẹ̀yìn. Tó bá ṣíwọ́ níbi iṣẹ́, ó di orí Third Mainland, ó di Oshodi, ó di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà Along. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Dọ̀pẹmú, àwọn tó ń din àkàrà alẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́. Bàtà inú báàgì ò kan ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù méjì, á ní IT ò jẹ́ kí òun ráyè sáré. Irọ́ ló ń pa, kò sì mọ̀. Ọ̀nà ló jẹ àkókò rẹ̀. Iṣẹ́ ò jẹ ẹ́.

Ọmọ yìí kan náà ì bá ti wá ibi IT sí Oba Akran, Ògbà tàbí Agídíngbì, níbi tí iléeṣẹ́ ẹlẹ́rọ pọ̀ sí, tí kò sì jìnnà sí ilé rẹ̀. Pápá ìṣeré Agége wà nítòsí fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá sì jẹ́ Yaba ni kóòṣì rẹ̀ wà, láti oṣù kẹwàá 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádó gba Agége, Ìkẹjà, Oshodi, Mushin àti Yaba lọ sí Oyíngbò. Kó sáà kọ́kọ́ mọ àsìkò tí ọkọ̀ ń gbéra, torí rélùwéè kì í ṣe danfo tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ á máa pe èrò kún.

Àwọn ẹbí á ní ilé-ìwé ló ń pín ibi IT. Fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé á fún un ní lẹ́tà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ẹsẹ̀ wá ibi tí wọ́n á ti gbà á. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá a kúkú lè yan ibi tó súnmọ́ pápá.

Irọ́: Bí o bá dín ìgbaradì kù, ara á bàjẹ́.

Òótọ́: Àwọn kóòṣì á bínú sí mi, àmọ́ kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, olùṣèwádìí Robert Hickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago mú àwọn tó ń fi ọjọ́ mẹ́fà gbaradì lọ́sẹ̀, wọ́n dín in kù sí mẹ́rin fún àwọn kan, sí méjì fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 15, agbára tí wọ́n fi ń gba atẹ́gùn sára ò lọ sílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé wọn ò dín líle ìgbaradì náà kù. Nígbà tí wọ́n wá ṣe òmíràn, tí wọ́n jẹ́ kí ara dẹ̀, agbára náà lọ sílẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọjọ́ méjì lágbára nínú ọ̀sẹ̀, tí kò fi ṣeré ọmọdé, ó lè di ara rẹ̀ mú di ìgbà tí IT á parí. Èémí nìyẹn o. Bí wọ́n ṣe ń gbéra níbi ìsáré àti bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn, ojú kóòṣì ló ń fẹ́.

Oorun ló yẹ ká máa bẹ̀rù fún un. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá ní Los Angeles, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, rí i pé àwọn tí oorun wọn kò tó wákàtí mẹ́jọ fara pa ní ìlọ́po 1.7 ju àwọn tó sùn tó bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin láti bá Victoria Island pàdé, kó tó wá sáré lóru, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi tọrọ ìpalára.

Irọ́: Òǹtẹ̀ ni IT, ẹnikẹ́ni lè bá ọ lù ú.

Òótọ́: Ẹ ṣí logbook wò. Ojú kan wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó o kọ ohun tó o ṣe síbẹ̀, kì í ṣe ohun tó o rí. Àyè wà fún àwòrán ẹ̀rọ. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á buwọ́ lù ú. Olùkọ́ láti ilé-ìwé á yọ sí ọ níbi iṣẹ́, ti ITF náà lè yọjú. Bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá ọ, òǹtẹ̀ ò ní sọ̀rọ̀ fún ọ. Nígbà tó o bá sì padà sí ilé-ìwé, wọ́n á ní kó o wá ṣàlàyé iṣẹ́ tó o kọ. Bí owó IT bá sì ni wọ́n fi ń tàn ọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2,500 náírà lóṣù ni ìjọba fi lélẹ̀. Kò tó owó ọkọ̀.

Irọ́: Ọmọ tó wà ní IT kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé mọ́, kò lè lọ NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì.

Òótọ́: Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, nọ́ńbà mátíríìkì rẹ̀ ò yí padà. Láti 1966 tí NUGA ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọn ò wá ẹni tó jókòó sí kíláàsì. Nígbà tí Yunifásítì Èkó gbàlejò rẹ̀ ní oṣù kẹta 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 14 oṣù kejì. Kò sí lẹ́kíṣọ̀, àmọ́ eré wáyé.

Irọ́: Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ó rọrùn láti pa eré pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́.

Òótọ́: NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì ibẹ̀, fi wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ṣe òpin ìgbaradì tó pọn dandan ní àsìkò eré, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdíje wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n ń kà á sí, bó ti wù kó pẹ́ tó, wọn ò sì ka ìrìn-àjò. Ọmọ tó bá ti Nàìjíríà lọ pẹ̀lú físà F-1 kò lè ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kankan níta ilé-ìwé láìsí àṣẹ. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba ife NCAA ní 2017 fún yunifásítì kan ní El Paso, kó tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá mítà 100 tí wọ́n ń fo ìdènà ní 2022. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Kò sẹ́ni tó mú un rọrùn fún un.

Ohun tó kù ni pé kí ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ló ń bò ó mọ́lẹ̀ títí eré fi ku ọ̀la, ni wọ́n á bá fi ìbà parọ́. Kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka eré ìdárayá ilé-ìwé, kí ọjọ́ ìdíje wà nínú rẹ̀, kó sì mú un lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mò ń sáré fún ilé-ìwé wa. Ọjọ́ tí a ó lọ ni wọ́n kọ síbí yìí, sà. Mo lè wá ní Sátidé láti fi dí i.” Bí ọ̀gá bá ní òun ò gbà, ó sàn kó sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tí ọmọ náà ṣì lè wá ibòmíì.