Ilẹ̀ Ọlọ́ràá, Àgbẹ̀ Onígbèsè

Ilẹ̀ Delta ní ìpínlẹ̀ Mississippi, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́ràá gan-an, owú sì ń so wọ̀ǹtìwọnti níbẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ebi ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ro ó. Àwọn kan ka èyí sí ìwà ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ìwé gbèsè ló yẹ ká yẹ̀ wò. Nígbà tí oko ẹrú dópin ní 1865, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ aláwọ̀ funfun. Àgbẹ̀ a dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn méjèèjì a sì pín owú nígbà ìkórè. Kí ìpín àgbẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀, wọn a ti yọ owó irúgbìn, oúnjẹ àti aṣọ tó gbà láwìn ní ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀. Onílẹ̀ ló ń wọn owú, òun ló ń kọ ìwé, òun náà ló ń ṣírò. Ìwọ̀fà tí kò mọ iye gbèsè tó ń sìn, ọjọ́ wo ni yóò bọ́?

Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú Delta yìí ni Fannie Lou Hamer. Ọmọ ìkẹyìn nínú ogún ọmọ ni, ó sì ti ń já owú láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kẹjọ 1962, ó gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ kó lè dìbò. Ọjọ́ náà gan-an ni onílẹ̀ lé e kúrò lóko. Ó wá yé e pé ẹni tó ń bọ́ni ló ń pàṣẹ fúnni. Ní 1969, ó dá oko àjùmọ̀ní sílẹ̀ pẹ̀lú ogójì éékà. Ìdílé tó bá gba abo ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀, bí ẹlẹ́dẹ̀ náà bá ti bímọ, ìdílé náà á dá ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ méjì padà kí ìdílé mìíràn lè gbà wọ́n. Ìyókù á di ti ìdílé àkọ́kọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé aláwọ̀ funfun náà tòṣì níbẹ̀. Òótọ́ ni, oko Hamer sì gba àwọn náà mọ́ra; ṣùgbọ́n a kò fi àwọ̀ wọn dínà ìbò mọ́ wọn. Ẹlòmíràn á ní oko náà kógbá wọlé ní 1976. Ọ̀dá, omíyalé àti gbèsè owó orí ló bò ó mọ́lẹ̀, àwọn ohun tó lè bo àgbẹ̀ èyíkéyìí tí kò lówó ìpamọ́. Ìfaradà àwọn ará Delta yẹ fún ìyìn, àmọ́ kí a má fi ìyìn bo ìyà tí a fi jẹ wọ́n. Ọdún méje ni oko náà fi bọ́ àwọn tí wọ́n pè ní ọ̀lẹ. Ilẹ̀ kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Ẹni tó di ìwé ìṣirò mú ló yàtọ̀.