Ohun Tó Ń Mú 504 Gbóná Lójú Ọ̀nà Ajah

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ajah lè dé Jakande ṣáájú ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yìí ni Peugeot 504 ti máa ń fa wàhálà. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde ní Faransé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní 1975. Eré àsápajúdé kì í dà á láàmú tó ìdúró.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á máa gba inú rédíétọ̀ kọjá. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù, ẹ́ńjìnnì tó sì ń rọra yí ló ń yí fáànù yẹn àti pọ́ọ̀ǹpù omi. Ti 504 tún yàtọ̀: bí omi bá gbóná, òòfà tó ń lo iná ló ń so fáànù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí kábọ́ọ̀nù kékeré tó ń gbé iná dé ibẹ̀ bá ti jẹ tán, fáànù á kàn máa yí bí ẹni tí kò jẹun láti àná.

Tẹmosítáàtì, ìyẹn ìdènà tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ dà nù. Àṣà burúkú ni, torí kò ṣí rédíétọ̀ tó ti dí, ó sì ń mú ọkọ̀ jẹ epo. Kẹ́ ẹ lè yẹ tẹmosítáàtì wò, ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná: kí omi tó hó, ó yẹ kó ti ṣí. Omi bọ́ọ̀hóòlù Lekki ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní iyọ̀ tàbí irin nínú, ó sì ń jẹ rédíétọ̀. Kúláǹtì tí wọ́n ti pò tán ló dára.

Bí gbogbo ìyẹn bá pé tí ọkọ̀ ṣì ń gbóná, ẹ pe rewáyà kó wo táímínì, ìyẹn àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ta iná. Nínú dísítíríbútọ̀, gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì ń ha ara rẹ̀ lójoojúmọ́, àlàfo ojú rẹ̀ á máa dín kù, iná plọ́ọ̀gì á sì máa pẹ́ dé. Epo tó yẹ kó ti jó tán á ṣì máa jó nígbà tó ń jáde lọ sí sáléńsà, ooru rẹ̀ á sì padà sórí omi. Nǹkan bíi 0.40 mm ló yẹ kí àlàfo náà jẹ́. Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan táímínì, torí bí àlàfo bá yí, táímínì á yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí iná bá wá yá jù, ẹ ó gbọ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ta kọ̀kọ̀kọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gun afárá Ajah. Etí dára, àmọ́ iná táímínì tí wọ́n ń tàn sórí àmì púlì kì í purọ́.



Bí ọkọ̀ bá ti gbóná tán, ẹ pa á, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí á fi tutù. Ìdérí yẹn ló tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kò fi hó, omi náà sì lè ti kọjá 100°C.